Láfún àti Òfàdà fún Ọdún Lísàbí Lókè Òkun

Ọmọ Ẹ̀gbá tó ń gbé òkè òkun ni a kọ orí yìí fún, yálà ará Aké ni o, ará Òkè-Ọnà, ará Gbágùrá tàbí ará Òwu, tó fẹ́ pe èèyàn bí ogún sílé lọ́jọ́ ọdún Lísàbí, tí kò sì fẹ́ kí ẹni tó dàgbà sí Odeda tàbí Òṣíẹ̀lẹ̀ tọ́ oúnjẹ rẹ̀ wò kó máa rẹ́rìn-ín sínú. Lọ́ńdọ̀nù ni a fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí ibẹ̀ ni ọjà wa ti rọrùn láti rí, ní Rye Lane ní Peckham àti ní Ridley Road ní Dalston. Ohun tí a ń sọ kò pọ̀: kí oúnjẹ ọjọ́ náà mọ ní oríṣi méjì, òfàdà pẹ̀lú ọbẹ̀ ayamáṣe, àti láfún pẹ̀lú ewédú. Nínú gbogbo èròjà tó wọ inú oríṣi méjèèjì, mẹ́ta péré ni kò ní arọ́pò, ìyẹn láfún, ìrẹsì òfàdà àti irú. Orí àwọn mẹ́ta yìí ni kí owó yín lọ. Ìyókù, ohun tí ẹ bá bá lọ́jà ìlú tí ẹ wà ni kí ẹ rà, kí ẹ má sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan kò ní gbà. Wọ́n á ní bí ewé rẹ̀ kò bá ti oko wá, bí ata rẹ̀ kò bá ti ọjà Abẹ́òkúta wá, kì í ṣe oúnjẹ ilé mọ́. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni gbágùúdá ti wá. Amẹ́ríkà Gúúsù ló ti ṣẹ̀, àwọn Potogí ló gbé e dé etíkun ilẹ̀ adúláwọ̀, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló sì tó gbilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, lásìkò tí àwọn Sàró ń ti Freetown bọ̀, tí àwọn Àgùdà ń ti Brazil bọ̀. Ata pàápàá, Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Nínú ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Lísàbí gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́, kó tó di pé Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1830, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí akọni tí a ń ṣọdún rẹ̀ má fẹnu kan láfún rí. Oúnjẹ tí a ń pè ní ti baba wa, àwọn arìnrìn-àjò ló gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ wá. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ má bẹ̀rù àti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ́pò ewé eéran tí a fi ń pọ́n òfàdà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí wọn kò rẹ rọ́pò láfún, nítorí rírẹ ló fún láfún ní òórùn àti ìkan rẹ̀, òun náà ló sì ń yọ oró ara ẹ̀gẹ́ kúrò. Bákan náà ni kí ẹ má fi kúùbù onídùn-ùn-dùn rọ́pò irú.

Àtakò kejì ni pé àlejò á béèrè ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Jọ̀lọ́ọ̀fù wà ní gbogbo òde ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ní Peckham, kò sẹ́ni tí ara rẹ̀ á wá a. Ojú iná mẹ́rin ni sítóòfù ilé òkè òkun sábà máa ń ní, fíríìjì kan ló sì wà níbẹ̀. Oríṣi oúnjẹ mẹ́fà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí pé àwọn kan nínú wọn á wà lórí tábìlì láti òwúrọ̀, wọn ò ní gbóná, wọn ò ní tutù, ibẹ̀ gan-an sì ni kòkòrò àrùn ti ń bí sí i. Bí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò bá lè jẹ ata, ẹ bu ẹran díẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn kí ẹ tó fi ata sí i.

Ọjọ́ ńkọ́? Lọ́pọ̀ ọdún, oṣù Kẹta ni wọ́n máa ń ṣe é ní Abẹ́òkúta. Òtútù ṣì mú ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ẹ má gbára lé àgbàlá. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ni pé ààwẹ̀ Ramadan bọ́ sínú oṣù Kẹta lọ́dún 2024 àti 2025, àwọn Kìrìsìtẹ́nì kan sì ń gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì lásìkò kan náà. Ìdílé Ẹ̀gbá tí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ kò ti jọ wà nínú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí ọjọ́ bá ko ààwẹ̀, ẹ pe àlejò sí àsìkò ìṣínu, kí ẹ sì ra gbogbo ẹran lọ́wọ́ alápatà tó ń pa á nílànà mùsùlùmí. Ọ̀dọ̀ tiwọn náà ni ṣàkì ti rọrùn láti rí, ẹ kò pàdánù nǹkan kan.

Ohun èlò àti èròjà

Ẹ kọ́kọ́ wo sítóòfù yín kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bó bá jẹ́ èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì tó ń lo agbára òòfà, ìkòkò alumíníọ́mù tí ẹ gbé láti ilé kò ní gbóná lórí rẹ̀ rárá. Ẹ fi òòfà kékeré kan ìdí ìkòkò náà: bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ wá ìkòkò mìíràn. Ẹ ó nílò ìkòkò jíjìn méjì tí ọmọrí wọn wúwo tó sì dé wọn dáadáa, ọmọrogùn, asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré, bíléńdà, kúlà ńlá fún láfún, ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún ata, àti tàmómítà oúnjẹ, èyí tí owó rẹ̀ kò tó ti kílò ẹran kan. Ẹ fi aṣọ ìpaná kún un, kí ẹ gbé e kọ́ sí ibi tí ọwọ́ lè tó láìnà kọjá orí iná.

Fún ogún èèyàn, ìrẹsì òfàdà kílò méjì ààbọ̀ tó. Fún ọbẹ̀, ẹ ra tàtàṣé tútù, aláwọ̀ ewé, bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó tóbi, ata rodo mẹ́wàá, àlùbọ́sà ńlá mẹ́fà, epo pupa ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà, irú bíi igba gírámù, edé, ẹran pẹ̀lú ṣàkì àti pọ̀nmọ́ tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò mẹ́ta, àti ẹyin ogún. Láfún kílò méjì á kárí. Ewédú tútù ṣòro láti rí, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù àwọn Lárúbáwá ń ta ewé kan náà ní dídì, tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́, wọ́n kọ molokhia sára rẹ̀. Ẹ ra báàgì mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídì wà lọ́wọ́ àwọn ará Éṣíà.

Epo pupa gba ojú. Àwọn oníjìbìtì kan máa ń fi àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Sudan kún un kó lè pọ́n, àwọ̀ tí òfin kò gbà nínú oúnjẹ ní Bìrìtìkó nítorí ewu jẹjẹrẹ. Ẹ ra èyí tí orúkọ ilé iṣẹ́ àti àdírẹ́sì ẹni tó kó o wọ̀lú wà lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n rọ sínú ìgò omi, tí kò lórúkọ, ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà, ì báà ṣe ará ìlú yín ló ń tà á.

Ohun tó lè kọjá ní ibodè

Láfún dára jù bó bá ti ilé wá, pàápàá láti àwọn abúlé Odeda tí iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ ti pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sọ̀rọ̀ dáadáa. Orí àpáta àti etí ọ̀dà ni wọ́n sábà ń sá láfún sí níbẹ̀, iyanrìn àti eruku táyà sì máa ń bá a lọ. Ẹ bẹ ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tó wà nílé pé kí ó wá èyí tí wọ́n sá sórí tapólì tàbí pẹpẹ, kó sì rí i pé ó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń dá pàkà bí a bá ṣẹ́ ẹ, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Èyí tí kò gbẹ tán á bu nínú báàgì. Bí ẹ bá ṣí i tí ẹ rí àmì dúdú tàbí ewéko, tàbí tó ń rùn bí aṣọ tí òjò pa, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ dànù. Jíjọ̀ ọ́ kò mú oró ìbu kúrò, sísè pàápàá kò pa á.

Ẹran, ìbáà ṣe gbígbẹ tàbí tútù, àti ohun tí a fi wàrà ṣe, kò gbọdọ̀ ti Nàìjíríà wọ Bìrìtìkó nínú ẹrù èrò, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹran rí ní Amẹ́ríkà. Pọ̀nmọ́ àti ẹran ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Igbín láàyè tún burú jù ní Amẹ́ríkà, nítorí kòkòrò aba-oko-jẹ́ ni ìjọba kà á sí. Lọ́dún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dínà mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn apakòkòrò dichlorvos tí wọ́n ń bá lára rẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìkórìíra ẹnikẹ́ni: oògùn kan náà tí wọ́n kì lọ́jà sínú ẹ̀wà lè wà nínú ohun mìíràn tí wọ́n tọ́jú sí ṣọ́ọ̀bù kan náà. Fún ẹja gbígbẹ, edé àti irú, ẹ wo ojúewé ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ tí ẹni náà fẹ́ rìn, nítorí òfin ń yí padà, kí ẹ sì sọ fún un pé kó jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó gbé fún àwọn aṣọ́bodè. Ohun tí èèyàn jẹ́wọ́, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lásán. Ohun tó fi pamọ́ lè di owó ìtanràn.

Bí iṣẹ́ ṣe tò léra

Lísàbí kó àwọn àgbẹ̀ jọ nínú ẹgbẹ́ àáró, wọ́n ń bá ara wọn roko kiri, lábẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti pète ogun òmìnira. Ẹ lo àáró náà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ pín iṣẹ́: ilé kan ṣa òfàdà, ilé kan se ẹran, ilé kan lọ ata. Ààlà tí a fi sí i ni pé kí ibi ìdáná kan péré jẹ́ ibi tí oúnjẹ ti parí. Bí oúnjẹ bá ti ilé márùn-ún wá ní jíjinná, kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò lórí iná, tàbí ohun tó wà nínú rẹ̀. Edé àti ẹja lè ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá tó lè gba ẹ̀mí, ọ̀pọ̀ irú òde òní sì jẹ́ ẹ̀wà sóyà, kì í ṣe èso igi igbá. Ẹ bi gbogbo àlejò léèrè ohun tí ara wọn kò gbà kí ẹ tó ra nǹkan, kí ẹ sì kọ èròjà ọbẹ̀ sára bébà lẹ́bàá ìkòkò.

Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ da òfàdà sínú tíréè funfun níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ ṣa òkúta rẹ̀. Ẹ má gbà á gbọ́ pé nítorí ó wà nínú báàgì aláràbarà, wọ́n ti bá yín ṣà á. Eyín tó kán lórí òkúta lọ́jọ́ ọdún, owó ńlá ni lọ́wọ́ oníṣègùn eyín Lọ́ńdọ̀nù.

Ọbẹ̀ ni iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọdún. Ẹ se ẹran títí yóò fi rọ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ yọ kóró tàtàṣé nítorí ó máa ń korò, ẹ lọ òun, rodo àti àlùbọ́sà mẹ́rin láìjẹ́ kó kúná jù, ẹ sì gbé e kaná láìdé e títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Atẹ́gùn ata yìí máa ń fún ọmọ ọwọ́ àti onísèéémí lọ́fun.

Ìyọ́po, ìyẹn yíyọ́ epo pupa, ló wá kàn, òun ló sì léwu jù nínú gbogbo orí yìí. Kí ìkòkò gbẹ pátápátá, kí epo má kọjá ìdá mẹ́ta rẹ̀, kí iná wà ní ìsàlẹ̀. Ẹ dé e, ẹ dúró tì í. Ẹ má gbé fóònù. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, epo á di rírọ̀ bí omi, pupa rẹ̀ á sì ṣí. Bí èéfín bá ti ń yọ lábẹ́ ọmọrí, ó ti tó, ẹ pa iná. Lórí sítóòfù oníná mànàmáná, ẹ pa á ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú, torí ojú iná náà kì í tutù kíákíá, gbígbé ìkòkò epo gbígbóná sì ni jàǹbá gan-an. Ẹ má ṣí ọmọrí fún ogún ìṣẹ́jú. Bí epo bá gbiná, ẹ pa sítóòfù bí ọwọ́ yín bá tó o láìkọjá orí iná, ẹ fi ọmọrí tàbí aṣọ ìpaná bò ó, ẹ má ta omi sí i láéláé. Bí kò bá kú, gbogbo ilé á jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pe 999 ní Bìrìtìkó tàbí 911 ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan a máa fi ọ̀rá di ẹ̀rọ tó ń pariwo èéfín lẹ́nu kí wọ́n tó yọ́po. Ẹ má dán an wò, ẹ̀rọ náà ló ń ṣọ́ àwọn ọmọ tó sùn sí yàrá kejì.

Ẹnìkan á ní ayamáṣe tí a kò yọ́po rẹ̀ kì í ṣe ayamáṣe. Òótọ́ wà níbẹ̀: adùn rẹ̀ á yàtọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n. Síbẹ̀, bí ilé ìdáná kò bá ní fèrèsé, tàbí tó wà ní òkè ilé alájà mẹ́wàá tí aago iná kan lè lé igba èèyàn síta lálẹ́, ìdájọ́ wa ni pé kí ẹ má yọ́ ọ. Ẹ da epo pupa díẹ̀ pọ̀ mọ́ òróró, ẹ mú un gbóná níwọ̀nba, kí ẹ fi irú kún un ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Irú tó pọ̀ á bo ohun tí iná kò ṣe. Èyí ni ìdí tí a fi ní kí owó lọ sórí irú.

Nígbà tí epo bá ti tutù díẹ̀, ẹ dá iná kékeré sí i, àlùbọ́sà tó kù ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i, lẹ́yìn náà irú àti edé, lẹ́yìn náà ata, kí ẹran wá kẹ́yìn. Bí ata bá ṣì lómi, epo á ta síni lójú. Ní ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, epo á léfòó, ọbẹ̀ ti jinná. Ẹ pín in sínú abọ́ pẹlẹbẹ kó lè tutù kíákíá, kó wọ fíríìjì láàárín wákàtí méjì. Ìkòkò ńlá tí a dé mọ́jú lórí sítóòfù, bí wọ́n ti ń ṣe é nílé tí wọ́n á sì gbé e kaná ní ìdájí, kò bá ilé tí ẹ̀rọ amúlégbóná ń ṣiṣẹ́ mọ́jú mu.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni kí ẹ se òfàdà. Ẹ fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ da omi àkọ́kọ́ nù, ẹ wá sè é títí yóò fi rọ̀. Ẹ fọ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ rà á lórí iná kó rọ̀, ẹ fi pọ́n ìrẹsì nígbà tí ẹ bá fẹ́ bù ú fún àlejò. Ẹ gbé ọbẹ̀ kaná títí tàmómítà tí ẹ kì bọ àárín rẹ̀ yóò fi ka 70 lórí ìwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú méjì ó kéré tán, kí ẹ fi ẹyin sísè sí i, kí ó sì máa wà ní 63 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ títí wọn yóò fi jẹ ẹ́ tán. Ewédú dídì kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ pẹ̀lú irú, láìdé e. Bí kò bá sí kán-ún, sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì, ìwọ̀nba orí ìka kan, á mú un yọ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á dà bí ọṣẹ lẹ́nu.

Láfún ló kẹ́yìn, nígbà tí àlejò ti jókòó. Ẹ jọ̀ ọ́. Ẹ má ro kílò méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìlàjì kílò sínú omi lítà kan ààbọ̀ tó hó dáadáa ni kí ẹ máa rò. Ẹ bu omi gbígbóná díẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ rẹ iná sílẹ̀, ẹ máa da ìyẹ̀fun sí i bí ọmọrogùn ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti di, ẹ wọ́n omi tí ẹ bù sọ́tọ̀ sí i, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ wá rò ó kúnná. Ìkòkò máa ń yọ̀ lórí sítóòfù gíláàsì, gíláàsì náà sì lè là bí a bá fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé ìkòkò sórí tábìlì kúkúrú tó dúró dáadáa, lórí aṣọ tútù tí a ká, kí ẹlòmíràn fi ìbọ̀wọ́ di etí rẹ̀ mú. Fífi ẹsẹ̀ méjèèjì há ìkòkò bíi ti ilé, lórí táìlì tó ń dán, ilé ìwòsàn ló ń gbéni lọ. Inú abọ́ tàbí kúlà ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá tín-ínrín tí wọn kò ṣe fún ohun gbígbóná.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀, àti ohun tó ṣẹ́kù

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ká se ìrẹsì lálẹ́ ká lè sinmi láàárọ̀. Hóró kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí sísè kì í pa. Bí ìrẹsì bá jókòó sílẹ̀ ní ìlọ́wọ́ọ́wọ́, á hù, á tu oró sílẹ̀, gbígbé e kaná padà kò sì mú oró náà kúrò. Ìrẹsì tó bá ṣẹ́kù, fíríìjì láàárín wákàtí kan, kí ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì tàbí kí ẹ dà á nù. Ìkejì ni ìtìjú irú: àwọn kan ń dín in kù nítorí òórùn tó ń lọ bá aládùúgbò. Fèrèsé ṣíṣí àti abọ́ òfàdà kan lọ́wọ́ aládùúgbò náà ló tán an. Ìkẹta ni fífún àlejò ní ọbẹ̀ gbé lọ ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tó ti wà lórí tábìlì láti ọ̀sán. Ẹ ya ti àgbélọ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì, kí ẹ kó o fún wọn ní tútù.

Epo ayamáṣe tó kù nídìí ìkòkò kò gbọdọ̀ wọ ihò ìfọwọ́. Lọ́dún 2017, wọ́n bá òkìtì ọ̀rá tó wúwo tó 130 tọ́ọ̀nù nínú ọ̀nà ìdọ̀tí abẹ́lẹ̀ ní Whitechapel ní Lọ́ńdọ̀nù, irú epo báyìí láti ilé ìdáná gbogbo ayé ló sì ń kó ara jọ dà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ rọ ọ́ sínú agolo tòmátì tó ti ṣófo, ẹ gbé e sínú fírísà títí yóò fi dì, kí ẹ jù ú sínú pàǹtí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kó o.